Ìtàkùn olódòdó funfun lórí òkè etí òkun Kalifóníà: ẹ bá mi wò ó kí wọ́n tó fín oògùn sí i

ÌyáÌbejì_Pacifica

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣeé tún ṣe mọ́.

Pacifica là ń gbé, ìlú kékeré kan létí òkun, nísàlẹ̀ San Francisco. Ẹ̀yìnkùlé wa kò tẹ́jú rárá, òkè ló gùn lọ. Igi kúkúrú kan tí àwọn ará ibí ń pè ní coyote brush ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti koríko tó máa ń gbẹ bí òjò bá ti dá. Láti oṣù kẹrin ni ìtàkùn kan ti ń gun orí àwọn igi náà. Mi ò kọ́kọ́ kà á sí. Ìgbà tó tanná ni mo dúró tì í. Ewé rẹ̀ rí bí orí ọfà. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó rí bí ẹnu fèrè, ó fẹ̀ tó íǹṣì méjì. Bí ẹ bá yí i wo ẹ̀yìn, ìlà àwọ̀ àlùkò márùn-ún ló gba ìdí lọ dé etí, bí ẹni fi ọwọ́ fà á. Èyí tí kò tíì là máa ń lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù. Láàárọ̀, bí kùrukùru òkun bá ti ń ká kúrò lórí òkè, ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Èmi á gbé ife tíì mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, àwọn ìbejì á máa kà wọ́n. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, mọ́kànlélógójì ni wọ́n kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. A gba ọkùnrin kan kó bá wa tún òkè náà ṣe. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tó dé. Ó sọ fún ọkọ mi pé bindweed ni gbogbo ìtàkùn yẹn, pé èpò burúkú ni, ó sì fín oògùn apakoríko sí apá òsì. Kí n tó dé, ewé ti ń ká kò. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ewé tábà. Ó dùn mí dé egungun. Sátidé ló máa padà wá parí apá ọ̀tún, owó rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ní bó bá jẹ́ èpò ni, kó pa á ká sinmi. Ẹ̀rọ tó ń dá ewé mọ̀ lórí fóònù mi dárúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé èpò ni lóòótọ́?

BàbáOlóko_Fresno

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi bá bindweed jà nínú oko àjàrà níbí, mi ò sì ní tàn yín. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ má fojú kékeré wò ó. Orúkọ ìwé rẹ̀ ni Convolvulus arvensis. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ló ti wá. Ọdún 1884 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti dé Kalifóníà, ní San Diego, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e sì fi gbéra, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pè é ní èpò tó burú jù ní ìpínlẹ̀ yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, èyí tó gùn tó íǹṣì méjì péré á tún hù. Hóró rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jí.

Ewé bí orí ọfà, òdòdó funfun bí fèrè, kó máa lọ́ mọ́ nǹkan: gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ló bá a mu. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà parí iṣẹ́ rẹ̀.

Tọ́lá_Ventura

Ẹ̀gbọ́n Fresno, mo kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn kó dúró ná.

Gúúsù lèmi wà, lápá Ventura. A ní ìtàkùn kan níbí tó jọ èyí tí ẹ júwe gan-an, Calystegia macrostegia, ọmọ onílẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ibí ló ti ń hù láti ilẹ̀ wá. Iná Woolsey jó òkè wa lóṣù kọkànlá ọdún 2018, ilẹ̀ tó jó lé ní 96,000 éékà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí nígbà náà mọ bó ṣe rí: dúdú lọ títí tí ojú ò tó o. Èmi rò pé yóò pẹ́ kí n tó tún rí ewé níbẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, ìtàkùn yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ jáde. Ó gun egungun igi tó jóná, ó sì tanná funfun sórí èédú. Hóró rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èèpo rẹ̀ le koko, àsìkò iná ló ń dúró dè. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí igi tún ga, ó fà sẹ́yìn fún wọn. Mi ò lè gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fín oògùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́.

Bí a ṣe ń dá tiwa mọ̀ nìyí. Ẹ wo abẹ́ òdòdó. Ewé kékeré méjì wà níbẹ̀ tó fẹ̀, tó gbá ìdí òdòdó mú bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó gbé ife dání. Bindweed kò ní irú rẹ̀. Tirẹ̀ rí tín-ín-rín, ó sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lára ọ̀pá òdòdó.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Mo ti sáré jáde lọ wò ó, àní mi ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ewé méjì náà wà, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ̀. Tín-ín-rín ni wọ́n, wọn ò gbá nǹkan kan mú, ìdí òdòdó hàn síta kedere. Ṣé bindweed náà ni nígbà yẹn? Ọkàn mi ti dàrú.

BàbáOlóko_Fresno

Ó ti hàn nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òdòdó rẹ̀.

Tíṣà_Ewéko

Kò tíì hàn o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Oakland ni mo wà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà báyọ́lọ́jì, ní Sátidé mo máa ń bá àwọn tó ń fa Cape ivy, ìtàkùn àjèjì kan, tu lórí òkè etí òkun ṣiṣẹ́, nítorí náà ojú mi ti rí ìtàkùn yìí ní àìmọye ìgbà. Ohun tí Tọ́lá sọ dára, ṣùgbọ́n ti gúúsù ni. Macrostegia ló ní ìbòrí ńlá yẹn, ohun tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí nìyẹn lédè Gíríìkì. Èyí tó wà lórí òkè etí òkun lápá ibí, Calystegia purpurata, ewé kékeré abẹ́ òdòdó rẹ̀ kò fẹ̀, kì í bo ìdí òdòdó. Ẹni tó bá fi ti gúúsù wọn ti àríwá, á pa ọmọ onílẹ̀ sọ lójú oorun. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tí kì í tanni ni àárín òdòdó. Ìyá Ìbejì, lọ́la ní àárọ̀, bí òdòdó bá ti là dáadáa, ẹ mú fóònù yín, ẹ fa ojú rẹ̀ súnmọ́ inú rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀pá márùn-ún tó ru ìyẹ̀fun òdòdó. Ní àárín wọn, ọ̀pá kan ṣoṣo á wà tí orí rẹ̀ pín sí méjì. Orí méjì yẹn ni kẹ́ẹ wò. Ti bindweed tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ti Calystegia nípọn, ó fẹ̀ díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì kújú. Ẹ wo ewé náà pẹ̀lú. Ewé bindweed máa ń rí róbótó díẹ̀ ní ṣóńṣó. Ti purpurata mú, ó ní igun mẹ́ta, etí rẹ̀ méjèèjì lẹ́bàá igi sì sábà máa ń ní igun tirẹ̀, bíi pé ẹni kan fi sísọ́ọ̀sì gé e. Òdòdó bindweed kì í sábà ju íǹṣì kan lọ. Ẹ ti ní tiyín tó méjì.

Ẹ má kàn ki ọwọ́ bọ inú igbó yẹn o. Poison oak máa ń fara pamọ́ sáàárín coyote brush, ewé mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń ní. Bó bá kan ara, ẹ ó họra fún ọ̀sẹ̀ méjì.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Ẹ ṣé, Tíṣà. Mo ti yí aago tó máa jí mi sí aago mẹ́fà ààbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Lọ́ńdọ̀nù

Mò ń tẹ̀ lé yín láti ibí. Tiwa ni Calystegia sepium, òdòdó rẹ̀ funfun báláú, ó tóbi, gbogbo ọgbà tó wà lójú pópó wa ló bò. Mo ti ń fà á tu kúrò lára igi róòsì ìyàwó mi látọdún yìí wá, mo sì ń pè é ní àlejò tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Àṣé ọmọ onílẹ̀ ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ibí máa ń tẹ ìdí òdòdó náà, á sì fò jáde lẹ́nu ìbòrí rẹ̀. Mi ò ní ṣíwọ́ fífà á tu lára róòsì, ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ògiri ojú irin lẹ́yìn ilé, n ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Ẹ̀yin èèyàn mi!

Mo jí, kùrukùru ṣì bo gbogbo òkè, omi ń kán lórí ewé. Mo dúró títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ kí àkọ́kọ́ tó là dáadáa. Mo fa fóònù súnmọ́ ọn. Tíṣà, orí méjì náà nípọn. Kì í ṣe òwú rárá. Ó rí bí ahọ́n ẹyẹ kékeré méjì tó kẹ̀yìn síra wọn, ó funfun, ìyẹ̀fun òdòdó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wo mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn. Ewé náà mú ní ṣóńṣó, etí rẹ̀ nísàlẹ̀ ní igun méjì méjì bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Mo fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́ sí Tíṣà. Ṣé òun nìyẹn?

Tíṣà_Ewéko

Òun ni. Calystegia purpurata, kò sí àní-àní. Ẹ kú oríire.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ní gbogbo ayé, Kalifóníà nìkan ló ti ń hù fúnra rẹ̀: lórí òkè etí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun gan-an, àti nínú igbó kúkúrú tó wà ní àfonífojì lẹ́yìn wọn. Edward Greene, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì Berkeley, ló kọ́kọ́ fi orúkọ purpurata dá a mọ̀, nítorí àwọ̀ àlùkò tí ẹ rí lẹ́yìn òdòdó yẹn. Dick Brummitt ti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdílé ìtàkùn yìí, ló wá fi í sábẹ́ orúkọ Calystegia. Ó ní àbúrò kan tó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ń pè ní saxicola, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gun nǹkan, orí àpáta etí òkun ló máa ń nà sí ní Marin àti Sonoma títí lọ sókè. Tiyín kì í ṣe èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ó ṣì wà ní Point Reyes àti lára òkè Tamalpais, ẹni tó bá ń rìn níbẹ̀ láti oṣù karùn-ún á rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ́lé sórí òkè létí òkun yìí ni wọ́n ti ṣí i nídìí, gbogbo ibi tí Cape ivy àti iceplant tó ti Gúúsù Áfíríkà wá sì ti bo ilẹ̀, ó ti kú sábẹ́ wọn. Ẹ̀yìnkùlé bíi tiyín ni ibi tó kù fún un láàárín ìlú.

BàbáOlóko_Fresno

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Ojú oko ni mo fi wò ó. Níbí, àárín àfonífojì ni a wà, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi katakata ro ní àrotúnrò, bindweed nìkan lojú mi máa ń rí, n ò sì rántí pé ó ní mọ̀lẹ́bí tó ti wà níbí ṣáájú rẹ̀. Inú mi kò dùn pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn pa á.

Ẹ bá mi wo nǹkan kan o. Ọkùnrin yẹn kò ṣàdédé dárúkọ bindweed. Ẹ lọ wo ilẹ̀ tó tẹ́jú, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ rí, ẹ̀bá géètì tàbí ẹsẹ̀ ọ̀nà. Bó bá wà, ilẹ̀ ló máa nà sí, òdòdó rẹ̀ á kéré.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Bàbá, kò sí ìdáríjì kankan láti tọrọ, ìrírí yín lẹ fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà sì tọ̀nà! Ó wà níbẹ̀. Lẹ́bàá géètì, níbi tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ ri páìpù omi sí, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Òdòdó rẹ̀ kò tó ìdajì ti òkè. Mo já ọ̀kan, mo já ọ̀kan lókè, mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì kíṣìnì. Ẹ wò ó, bí ẹ bá ti rí méjèèjì pọ̀ báyìí, ẹ ò ní ṣì wọ́n mú mọ́ láyé: ọ̀kan orí òwú, ọ̀kan orí ahọ́n. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ tẹ̀ síwájú wò ó, ó ní, "Èyí tó yẹ kó pa, kò pa á. Èyí tí kò yẹ, ó pa á."

Ọkùnrin náà ti rí ti géètì bó ṣe ń wọlé, ó wá rò pé ọ̀kan náà ni.

Àdùnní_Houston

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Mo gbọ́ pé ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀dùnkún. Ewé ọ̀dùnkún dùn nínú ọbẹ̀. Ṣé a lè se èyí náà?

Tíṣà_Ewéko

Rárá o, àbúrò mi. Òótọ́ ni pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi sẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu. Èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí nínú gbòǹgbò sepium, ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní calystegine. Bindweed ní irú tirẹ̀, ó ti ṣe ẹṣin tó jẹ ẹ́ lọ́ṣẹ́. Ewé ọ̀dùnkún tí a mọ̀ ni kẹ́ẹ sè.

Ọmọ_Ayétòrò

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, etí òkun Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, gbọ́rọ̀ ayaba ni mò ń rí, èyí tó máa ń nà sórí iyanrìn wa, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí àlùkò. Ewé rẹ̀ là sí méjì bíi pátákò ewúrẹ́. Bí a bá ń sá eré lórí iyanrìn nígbà ọmọdé, òun ló máa ń gbé wa ṣubú. Ìyá àgbà kì í jẹ́ ká fà á tu, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, òun ló ń bá wa di ilẹ̀ mú." Òkun ti wá gba ibi tí a ti ń sá eré yẹn báyìí, ilé wa àtijọ́ ti wà nínú omi. Ṣé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ti Kalifóníà yìí?

Tíṣà_Ewéko

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú àdánù ilé.

Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Tiyín ni Ipomoea pes-caprae, pátákò ewúrẹ́ tí ẹ rí náà ni orúkọ Látìnnì rẹ̀ ń sọ. Hóró rẹ̀ lè léfòó lórí omi òkun fún ìgbà pípẹ́ láìkú, ìdí nìyẹn tó fi wà létí òkun ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé, láti Èkó dé Brazil dé Kúbà. Kò sí ní ibí, òtútù omi wa pọ̀ fún un. Ẹlòmíràn ló gba ipò rẹ̀ lórí iyanrìn níbí, Calystegia soldanella, ewé rẹ̀ nípọn, ó rí bíi kíndìnrín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín ilẹ̀ láàárín ara wọn: soldanella mú iyanrìn, purpurata mú òkè. Ìyá àgbà yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìtàkùn tó nà sórí iyanrìn bẹ́ẹ̀ máa ń gba yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé dúró.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Ìròyìn Sátidé. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ìgò oògùn rẹ̀ lẹ́yìn. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ ná, mo mú un lọ sí tábìlì kíṣìnì, mo fi òdòdó méjèèjì hàn án. Ó wò ó títí. Ó jáde lọ sórí òkè fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ya òdòdó kan sí méjì, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi géètì, ó ṣe bákan náà. Ó ní láti bí ogún ọdún tóun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó fi hàn òun rí. Kò bínú, kò sì bá mi jiyàn. Ó bẹ̀ mí nítorí apá òsì. Ó fi ṣọ́bìrì wa ti géètì jáde, ó sì yọ owó oògùn kúrò nínú owó wa.

Bàbá Olóko, kí ni kí n máa ṣe sí ti géètì, nítorí ẹ ní tó bá kù díẹ̀ á hù?

BàbáOlóko_Fresno

Ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ti hù, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ fà á jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, kí ewé rẹ̀ má ráyè bọ́ gbòǹgbò. Ebi ló máa pa á. Ó lè gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ má jẹ́ kó tanná, kí hóró má bọ́ sílẹ̀. Kó má sì gun òkè dé ọ̀dọ̀ ọmọ onílẹ̀.

Tíṣà_Ewéko

Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wo nǹkan kan. Oyin kan wà níbí, Diadasia bituberculata. Kì í gbé nínú afárá bí oyin tí à ń fá. Abo kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ilẹ̀ líle, á wá fi erùpẹ̀ mọ ògiri róbótó yí ẹnu ihò náà ká bí ẹnu símínì. Lára òdòdó Calystegia ló ti ń kó ìyẹ̀fun tó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ibi tí ìtàkùn bá ti tán, kò ní ohun tí yóò fi tọ́mọ. Ẹ wo ojú ọ̀nà tí oòrùn ń pa, tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Tíṣà, ọjọ́ méjì la fi wá a. Kẹ́hìndé ló rí i! Lójú ọ̀nà tí ajá wa ti tẹ̀ le, lókè pátápátá. Símínì mẹ́fà, ọ̀kan ti wó, gíga wọn kò tó ìka mi. Wọ́n tẹ̀ díẹ̀ bí ìka tó ń pe ènìyàn. A jókòó jìnnà díẹ̀, a ń wò. Oyin kan fò dé, ara rẹ̀ onírun, àwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun funfun. Ó fò yí ká, ó wọ inú símínì, ìdí rẹ̀ ló kẹ́yìn tí a rí. Táíwò ní kí a má gba ọ̀nà yẹn mọ́. A ti fi òkúta sàmì yí ibẹ̀ ká, a sì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì mú ajá lọ.

Bí apá òsì ṣe rí ṣì ń bà mí nínú jẹ́. Ṣé mo lè tún un gbìn?

Tíṣà_Ewéko

Ẹ lè tún un gbìn, láti ara tiyín tó kù. Ẹ má lọ já a nínú ọgbà ìjọba bí Point Reyes, kò tọ́, òfin wọn kò sì gbà á. Bí òdòdó bá rọ, ẹ dúró de èso rẹ̀ kó gbẹ, hóró dúdú díẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀. Èèpo rẹ̀ le, nítorí náà ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́júmọ́. Oṣù kẹwàá tàbí kọkànlá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni kẹ́ẹ gbìn ín. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ bomi rin ín díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún kùrukùru.

Ẹ má tíì gbẹ́ apá òsì o. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń le bí igi, nígbà mìíràn oògùn máa ń pa òkè rẹ̀ láìpa ìsàlẹ̀ tán.

Tọ́lá_Ventura

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé. Èmi náà ti jáde lọ wá símínì lónìí, mi ò tíì rí, mo ṣì ń wá. Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti sọ̀rọ̀, mo ti ṣàtúnṣe ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn. Mi ò sọ pé "wo abẹ́ òdòdó" nìkan mọ́.

Àdùnní_Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ bí òjò bá ti rọ̀, ẹ padà wá sọ fún wa.

ÌyáÌbejì_Pacifica

Àdùnní, mo ti padà dé. Oṣù kìíní la wà yìí, ẹ kú ọdún tuntun o.

Òjò ti rọ̀ dáadáa láti oṣù kọkànlá. Ogún hóró la ha, tí a rẹ, tí a gbìn sínú ike, mẹ́sàn-án ló hù. Àwọn ìbejì kọ nọ́ńbà sára ike kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bomi rin ti ẹnì kejì rẹ̀. Bindweed ti géètì, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo ti fà á tu, Bàbá Olóko, ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ó hàn lára ewé rẹ̀.

Lánàá, mo gun apá òsì lọ, kí n wo ibi tí a máa gbìn wọ́n sí. Mo ká koríko gbígbẹ kúrò nídìí coyote brush kan, mo rí nǹkan tó pọ́n díẹ̀, tó yọ orí látinú ilẹ̀. Mo rò pé koríko ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. Ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti là, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, ṣóńṣó rẹ̀ mú, etí rẹ̀ méjèèjì ní igun. Mo tún ká koríko síwájú. Méjì. Mẹ́ta. Èyí tó wà lókè jù ti na ọwọ́ sí ẹ̀ka igi, ó ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan.